Wòlíì Josiah Akíndayọ̀mi àti Àwọn Tálákà Èbúté-Mẹ́ta

Ọdún 1909 ni a bí Josiah Olúfẹ́mi Akíndayọ̀mi ní ilẹ̀ Oǹdó, láàrin àwọn abọ̀rìṣà. Kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ní ìjọ C.M.S. ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní 1927, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, èyí ni ó sì gbé e dé ìjọ Kérúbù àti Séráfù ní 1931. Ibẹ̀ ni ohùn kan ti ń pè é sí iṣẹ́ ìránṣẹ́. Akíndayọ̀mi kọ etí ikún sí i, nítorí òwò ni ó fẹ́ ṣe. Ọdún méje gbáko ni ó fi sá fún ìpè náà. Gbogbo òwò tí ó dáwọ́ lé ni ó forí ṣánpọ́n, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí ó jẹ́ ìpè níkẹyìn, ó gbà pé òun kò ní gba owó oṣù mọ́. Ọlọ́run ni yóò máa bọ́ òun. Ẹni tí gbèsè ti bá fínra báyìí kì í ṣe àjèjì láàrin àwọn òtòṣì.

Àárín irú wọn ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn alájàpá ọjà Òyìngbò àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni ó kún Èbúté-Mẹ́ta nígbà náà. Láti 1955 ni ìjọba tilẹ̀ ti ń wó ilé àwọn mẹ̀kúnnù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ní 1952, nígbà tí Akíndayọ̀mi rí i pé àwọn ìṣe kan nínú ìjọ Kérúbù kò bá Bíbélì mu mọ́, ó kó ènìyàn mẹ́sàn-án jọ sí ilé kan ní òpópónà Willoughby, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ògo Ọlọ́run. Èdè Yorùbá ni ó fi ń wàásù. Ìròyìn ìwòsàn ni ó ń fa èrò wá, àwọn tálákà tí kò kàwé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ náà, ó rí ọ̀rọ̀ kan nínú ìran lára pátákó ìkọ̀wé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí kò tilẹ̀ mọ̀wé: The Redeemed Christian Church of God. Orúkọ tí ìjọ náà ń jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n rí ilẹ̀ rà, òpópónà tí a fi itẹ́ òkú sọ lórúkọ ni ilẹ̀ náà wà. Redemption Way ni a ń pè é lónìí.

Akíndayọ̀mi mọ ibi tí agbára òun mọ. Ó ti ń sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan, tí kò tíì dé ìjọ, ni yóò rọ́pò òun. Ní 1973, Enoch Adéjàre Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, darapọ̀ mọ́ wọn. Ó di ògbufọ̀ wòlíì náà, ó ń túmọ̀ ìwàásù rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1975 ni a fi í jẹ pásítọ̀. Ìpinnu tí ó nira ni èyí, nítorí àwọn àgbà tí wọ́n ti bá ìjọ jìyà láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí Akíndayọ̀mi rí i pé ọjọ́ òun ti ń lọ sópin, ó ránṣẹ́ pe Adébóyè, ó sì fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣàlàyé májẹ̀mú ìjọ fún un. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, ní ẹni ọdún 71. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò jẹ olórí, kò sì rọlẹ̀ títí a fi ka ìwé àṣẹ tí bàbá náà ti fi èdìdì dì, tí ó dárúkọ Adébóyè.