Lambo ò dúró de kọ́ńtírátọ̀

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan ní kúlóòsì wa ní Festac bímọ tán, kò rí oorun sùn mọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀, ọ̀nà méjì péré làwọn èèyàn mọ̀: ilé àdúrà tàbí Yaba. Ilé àdúrà ló lọ, oṣù mẹ́ta gbáko. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní London. Nígbà tó padà dé, wọ́n ní kó wá máa bójú tó ilé ìwòsàn Arọ́, àmọ́ wọn ò tíì kọ́ ọ parí. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ ìjọba. Ẹlòmíì á jókòó, á máa dúró de kọ́ńtírátọ̀.

Lambo ò dúró. Ní 1954, ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Arọ́ ká, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gbowó ilé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí á máa dáná fún un, tí á máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sábúlé, sáàárín àwọn tó ń roko, tó ń ta ọjà, tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Ẹ rántí pé láti 1907 tí wọ́n ti ṣí Yaba, títì mọ́lé ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú.

Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ibí yìí lèmi àti bàbá ò ti bára mu tán, torí ẹ̀wọ̀n ṣì wà lẹ́sẹ̀ aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ilé oníṣègùn, bó ṣe wà ní ilé àdúrà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń lọ, kò sì fẹ́ díbọ́n.

Ní 1961, ó kó àwọn dókítà ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà jọ sí Abẹ́òkúta. Ó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Ní 1971 ó lọ sí WHO ní Geneva, ó sì ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀ láti 1973 di 1988. Ó kú ní March 2004, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Nígbà tí mò ń kọ́ òfin, òfin tí orílẹ̀-èdè wa fi ń ṣe ọ̀rọ̀ aláìsàn ọpọlọ ṣì ni ti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, tó ń pè wọ́n ní wèrè. January 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu tuntun. Bàbá ti kú ní nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún ṣáájú.

Obìnrin tí mo sọ yẹn ti padà sílé báyìí, ìyá rẹ̀ ló ń sùn tì í. Kó tó di pé wọ́n gbé e lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò wa nítorí ibà. Mo bi dókítà náà léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní òun wọn ọmọ, òun wo ara rẹ̀ bóyá ó gbóná, òun sì kọ oògùn. Kò bi ìyá ọmọ bóyá ó ń sùn.