Alexander Fleming: Ẹni Tó Rí Ogun Nínú Ikun Imú

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi àti ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní egbò lẹ́sẹ̀. Kápúsù tí wọ́n rà fún mi ní Kétu, mẹ́ta péré ni mo gbé mì. Mo tú ìyókù, mo da pàúdà inú rẹ̀ sójú egbò. Ẹsẹ̀ wú débi pé mi ò lè wọ bàtà wá síléèwé. Ìgbà tí mò ń wádìí ohun tó fà á ni mo kan Fleming.

Oko kan ní Scotland ni wọ́n bí i sí ní 1881. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ó ṣe akọ̀wé ní London fún ọdún mẹ́rin kí owó ogún kan tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ló bá lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní St Mary's.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wà ní France, ó ń wo egbò àwọn sójà. Ó rí i pé kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú egbò jíjìn ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń bá kòkòrò jà fún wa. Mo rántí pàúdà mi, ojú tì mí.

Ní 1921, ọ̀fìnkìn mú un. Ó fi ikun imú ara rẹ̀ sínú àwo tí bakitéríà wà, bakitéríà sì yòrò! Ohun tó pa wọ́n ló sọ ní lysozyme. Ó rí i nínú omijé àti funfun ẹyin pẹ̀lú. Kó lè rí omijé tó, ṣe ló ń fún omi lẹ́mọ́ọ̀nù sójú àwọn èèyàn (tèmi o, ǹ bá ti sá). Àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn kòkòrò tó le, làwọn èèyàn bá gbójú fò ó.

Ní September 1928, ó ti ìsinmi dé, ó bá èbu nínú àwo kan, kòkòrò tó yí i ká ti kú. Pẹnisílíìnì nìyẹn. Florey, Chain àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ló sọ ọ́ di oògùn gidi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Nobel ní 1945, níbẹ̀ sì ni Fleming ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá lo oògùn náà ní ìlò tí kò tó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀. Ó kú ní March 1955.

Ní báyìí tí kòkòrò ti gbọ́n, àwọn onímọ̀ ti ń padà sọ́nà ikun imú yẹn. Ara wa, àti awọ ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá, ń ṣe àwọn ègé purotéènì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní peptide. Púpọ̀ nínú wọn máa ń lu awọ bakitéríà ní ihò. Wọ́n ń tún wọn tò kí wọ́n má bàa tètè bàjẹ́ nínú ara, kí wọ́n má sì pa sẹ́ẹ̀lì tiwa. Ọ̀pọ̀ ṣì wà nínú láàbù.

Ẹsẹ̀ mi ti jinná. Oògùn ọjọ́ méje ni nọ́ọ̀sì kan fún mi lẹ́yìn náà, mo lò ó tán pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ rí àpá náà, kó wá bá mi nígbà bíréèkì.