Victor Gruen: Bàbá ilé ìtajà ńlá tó kọ ọmọ rẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ ilé ìtajà ńlá ìgbàlódé rí, níbi tí ṣọ́ọ̀bù tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, tí mọ́tò sì kún ìta, iṣẹ́ ọpọlọ Victor Gruen ló wọ̀. Ọkùnrin ayàwòrán ilé yìí ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kí ọlọ́jọ́ tó dé, ó ti sọ ní gbangba pé òun kọ́ ni bàbá ohun tí wọ́n sọ ọmọ náà dà.

Ìlú Vienna, tí í ṣe olú ìlú Austria, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1903, sínú ẹbí Júù. Viktor Grünbaum ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe eré ìtàgé tí wọ́n fi ń bẹnu àtẹ́ lu àwọn olóṣèlú. Nígbà tí Hitler gba Austria lóṣù Kẹta ọdún 1938, ilẹ̀ náà kò rọgbọ fún àwọn Júù mọ́, ló bá sá lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní dọ́là 8 péré ló wà lápò rẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀ sí New York.

Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó ráágó. Lọ́dún 1939, ó bá wọn ṣe iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Fifth Avenue lọ́nà tí ẹni tó ń kọjá lọ fi ń dúró wòran. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń wá a kiri. Lẹ́yìn náà ló kó lọ sí Los Angeles, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. Àwọn ènìyàn ń fi àárín ìlú sílẹ̀ lọ kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú, wọn kò sì lè ra nǹkan kan láìwọ mọ́tò. Kò síbi tí aládùúgbò ti lè pàdé aládùúgbò.

Gruen gbà pé ọjà ló yẹ kó kó ènìyàn jọ. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà, tí agbo ilé yóò sì yí i ká. Ó kọ́kọ́ ya Northland, nítòsí Detroit, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1954. Lẹ́yìn èyí ni ẹbí Dayton, àwọn gbajúmọ̀ oníṣòwò Minneapolis, pè é sí Edina. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1956 ni wọ́n ṣí Southdale, ilé alájà méjì tó ní ṣọ́ọ̀bù 72. Òtútù àti yìnyín kò lè dé inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ìtajà nìkan kọ́ ló wà nínú àwòrán Gruen. Lórí ilẹ̀ éékà 463, ó ya ilé gbígbé, fúláàtì, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ọgbà ìgbafẹ́ àti adágún omi sí i, kí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ọjà. Kàkà kí wọ́n tẹ̀ lé e, bí owó ilẹ̀ ṣe ń gòkè, ńṣe ni wọ́n ń tà á ní ẹyọ-ẹyọ, tí oníkálukú ń kọ́ tirẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wá yí ilé ìtajà ká bí odò. Àwọn oníṣòwò káàkiri Amẹ́ríkà rí i pé ṣọ́ọ̀bù ló ń mówó wọlé, wọ́n mú ìyẹn, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Bí ẹ̀yìn ìlú ṣe ń gba oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni ọjà àárín ìlú ń dá páropáro.

Gruen gbìyànjú láti tún un ṣe. Àbá rẹ̀ láti lé mọ́tò kúrò láàárín ìlú Fort Worth kò wá sí ìmúṣẹ, àmọ́ Kalamazoo gba irú rẹ̀ lọ́dún 1959. Ó padà sí Vienna lọ́dún 1968. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé lọ́dún 1976, ilé ìtajà ńlá kan ṣí sẹ́yìn Vienna gan-an, ó sì di ìdíje fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ní London lọ́dún 1978 ló ti kọ ọmọ náà, tó ní òun kò ní san owó ìtọ́jú rẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1980, lẹ́ni ọdún 76.

Ilé ìtajà tirẹ̀ ti dé Èkó náà. Ọdún 2005 ni The Palms ṣí ní Lekki. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti Northland pa lọ́dún 2015. Ní Southdale, wọ́n ti kọ́ fúláàtì sórí ilẹ̀ tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ ra nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ ló ń gbìyànjú irú èyí báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aládùúgbò kan ń bẹ̀rù ilé gíga àti súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń náwó tún ṣe lónìí ti wà nínú àwòrán Gruen láti ọdún 1956. Kí ìjọba tó bá fẹ́ fún oníṣòwò nílẹ̀ má wo ṣọ́ọ̀bù nìkan nínú àwòrán rẹ̀. Kó béèrè ọjọ́ tí yóò kọ́ ìyókù.