Thomas Sankara: Ológun Tí Ó Fi Ìjọba Gbé Orin Ró

Ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1949 ni a bí Thomas Sankara ní ìlú Yako, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Haute-Volta nígbà náà. Gaoua, láàárín àwọn Lobi, ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Kí òǹkàwé fi Gaoua yìí sọ́kàn.

Iṣẹ́ ológun ni ó kọ́, ṣùgbọ́n kò fi gìtá sílẹ̀. Ó ta á nínú ẹgbẹ́ olórin Tout-à-Coup Jazz. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981, ìjọba Saye Zerbo fi í ṣe akọ̀wé ìjọba fún ètò ìròyìn ní Ouagadougou, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982 ó kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀, nítorí kò fara mọ́ pípa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́.

Ó gba ìjọba ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 1983. Ní ọdún kejì ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà. Mooré ni Burkina, Dioula ni Faso. Láti inú Fulfulde ni wọ́n sì ti mú ìparí orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, Burkinabè. Orin orílẹ̀-èdè gba orúkọ Ditanyè láti inú Lobiri, èdè àwọn ará Gaoua. Síbẹ̀, èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ inú orin náà. Ìyẹn ṣì ń dùn mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè.

Lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ni a dá Les Colombes de la Révolution sílẹ̀, ẹgbẹ́ olórin tí ó jẹ́ obìnrin nìkan, àti Les Petits Chanteurs aux Poings Levés, ti àwọn ọmọdé. Abdoulaye Cissé, olórin onígìtá, ni ó darí wọn. Obìnrin ni ó ń ta gìtá, obìnrin ni ó ń lu ìlù. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí oúnjẹ òòjọ́ nínú ọjà orin lásán; ìjọba ni ó gbé wọn ró, rédíò ìjọba sì wà láti gbé ohùn wọn jáde. Àmọ́ ẹni tí ó ń jẹun ọba, orin ọba ni yóò kọ: ìyìn ìjọba pọ̀ nínú orin wọn. Ìjọba yìí kan náà ni ó ṣe òfin kónílé-ó-gbélé, tí ó sì ba iṣẹ́ àwọn olórin tí alẹ́ ni ọjà wọn jẹ́. N kò lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn Sankara kí n fo ibẹ̀ yẹn.

Wọ́n pa á pẹ̀lú àwọn méjìlá mìíràn ní Ouagadougou ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1987. Kò tíì pé ọmọ ọdún 38. Gìtá wà lára ìwọ̀nba ohun ìní tí ó kéde fún aráyé ní ọdún náà.