Ìyá Hinderer: Obìnrin tó gbin àdúrà àràárọ̀ sí Kúdẹtì

Ẹni tó bá ti Ọjà'ba sọ̀ kalẹ̀, tó gba Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ kọjá sí apá Kúdẹtì n'Ìbàdàn, yóò dé ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì St. David's wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba àdúgbò náà kọjá lójoojúmọ́ láì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ti fìdí múlẹ̀ nílùú náà. David Hinderer, òyìnbó ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S., ni ọ̀pọ̀ máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n Anna, ìyàwó rẹ̀, ló kó àwọn ọmọ Ìbàdàn sábẹ́ òrùlé rẹ̀, tó kọ́ wọn láti máa fi Ìwé Mímọ́ àti àdúrà jí, kí wọ́n sì máa fi sùn.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1827, ni wọ́n bí Anna Martin ní Hempnall, ní ìpínlẹ̀ Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Lowestoft ló lọ gbé, kó tó di pé àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti ìyàwó rẹ̀ gbà á sọ́dọ̀ bí ọmọ. Kékeré ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ aláìníyàá yìí ni Ọlọ́run wá sọ di ìyá ọlọ́mọ púpọ̀.

Ọdún 1851 ni Hinderer kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Nígbà tó padà sílé, òun àti Anna ṣègbéyàwó lóṣù kẹwàá, ọdún 1852. Lóṣù kẹrin, ọdún 1853, tọkọtaya náà ti dé Ìbàdàn. Olúgbódé ni Baálẹ̀ nígbà náà, Ìbíkúnlé sì ni Balógun. Ìlú jagunjagun ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ìwé yóò sọ ọmọ àwọn di ojo tí kò ní lè gbé ọfà, nítorí náà wọn kò fẹ́ fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún òyìnbó. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Olúnlóyò ló ṣe ọkàn akin, tó fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna lọ́wọ́. Báyìí ni ilé ẹ̀kọ́ ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn.

Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni Anna ṣí. Àwọn ọmọ kan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń sùn níbẹ̀. Ìyá ni wọ́n ń pè é. Láàárọ̀, kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á péjọ, wọn a ka ibì kan nínú Ìwé Mímọ́, wọn a sì gbàdúrà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí odindi Bíbélì Yorùbá nígbà náà. Ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, àwọn ìwé yòókù sì ń tẹ̀lé e ní ẹyọ ẹyọ. Ìdí nìyí tí kíkọ́ ẹsẹ̀ Bíbélì sórí fi ṣe pàtàkì. Ohun tó bá ti wà lórí ọmọ, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyẹn sì wúlò, nítorí inúnibíni kò pẹ́ dé. Wọ́n na àwọn kan nínú àwọn tó gbàgbọ́, wọ́n sì de àwọn mìíràn lókùn, kí wọ́n má baà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ní 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Kúrunmí. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí pa. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Owó kò wọlé, ẹrù kò wọlé láti Èkó. Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ ń ta ohun èlò ilé, títí kan agolo òfìfo, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra iṣu àti ẹ̀wà fún ara wọn àti àwọn ọmọ tó wà lọ́rùn wọn. Àìsàn ń ṣe ọkọ, ó ń ṣe aya. Síbẹ̀, àdúrà àárọ̀ àti ti alẹ́ kò dáwọ́ dúró ní Kúdẹtì.

Lóṣù kẹrin, ọdún 1865, Gómìnà Glover ti Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó wá mú wọn jáde. Òru ló dé, ó sì ní ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Anna nìkan ló bá a lọ nítorí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ọkọ rẹ̀ dúró kó lè ṣètò ìjọ. Ẹkún làwọn ọmọ fi sìn ín.

Ó padà wá, ṣùgbọ́n àìlera kò jẹ́ kó pẹ́. Ní 1869 ni tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 1870, ni Anna kú ní Martham, ní Norfolk. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, kò sì bímọ kankan.

Ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ náà yóò bá a lọ sí sàréè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Daniel Olúbí, tó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta, di àlùfáà, ó sì darí ìjọ Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà ogun Kírìjí, láti 1877 sí 1893, tí ọ̀nà tún dí, ọmọ Yorùbá ló ń ka Ìwé Mímọ́, tó sì ń gbàdúrà fún ìjọ láì sí òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, wà lára àwọn tí Kúdẹtì tọ́ dàgbà.

Lóde òní, ìwé àdúrà ojoojúmọ́ wà lórí àtẹ, ó wà nínú fóònù. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì rántí pe àwọn ọmọ jọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Anna kò ní ju ìwé péépèèpé àti ohùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń pe àwọn ọmọ jọ láràárọ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní kékeré ló gba ilé là lọ́jọ́ ogun. Kí àwa náà má ṣe jẹ́ kí ti ilé wa kú.