Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò: Oníṣègùn Ọpọlọ Tó Yẹ Kí Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀

Nínú abala ìtàn àwọn ènìyàn ńlá ti ọ̀tẹ̀ yìí, ẹni tí mo mú wá fún yín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò. Ó ti kú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa tí WAEC àti JAMB ń lé kiri báyìí. Ó tiẹ̀ kan àwọn tó ń múra fún A-level jù wá lọ, pàápàá àwọn tó mú sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà.

Ìdí tí mo fi yàn án rèé. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ilé tí à ń gbé ní Bàrígà, tó ń múra fún A-level. Sáíkọ́lọ́jì wà nínú iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n mú. Èmi ni mo máa ń di nóòtì wọn mú lálẹ́, tí mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Orúkọ tí mò ń rí níbẹ̀ ni Stanley Milgram, Albert Bandura àti àwọn míì tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ìlú ọba. Mi ò rí ọmọ Yorùbá kankan. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wádìí Lámbò àti ilé ìwòsàn Aro. Mo wádìí, ohun tí mo rí nìyí.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Lámbò sí, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School nílùú náà, ilé ẹ̀kọ́ tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti M.K.O. Abíọ́lá náà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ sí ìlú ọba, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, ó sì parí ní 1948. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Èkó, ní Zaria àti ní Gusau. Iṣẹ́ tó dáa ni, ẹlòmíràn ì bá jókòó tì í. Ṣùgbọ́n Lámbò tún padà sí London, ó lọ kọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Maudsley. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ní irú ìmọ̀ yìí nígbà náà kò pọ̀ rárá, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní in.

Bí Nǹkan Ṣe Rí Nígbà Náà

Yàbá tí kò jìnnà sí Ṣómólú yìí, ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ síbẹ̀. Kò rí bí ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ lónìí. Ibi tí wọ́n ń kó ènìyàn pa mọ́ sí ni, kí wọ́n má baà máa rìn kiri ìgboro. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro ni wọ́n sọ di ibi ìtọ́jú ní 1944, fún àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú lójú ogun àgbáyé kejì. Láàárín àwa fúnra wa náà, ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó kan tún ní ìgbàgbọ́ tó burú nípa ọpọlọ wa. Dókítà J.C. Carothers, tó ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ̀ jáde ní 1953. Nínú ìwé náà, ó ní ènìyàn dúdú kì í lo iwájú ọpọlọ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ó fi wá wé òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ gé nǹkan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó! Dókítà ni ẹni tó kọ ọ́ o, kì í ṣe ẹni tó ń bú ènìyàn ní gáréèjì. Irú èrò yìí ni Lámbò bá pàdé, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ta kò ó.

Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Aro

Ní 1954, Lámbò di olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí, bẹ́ẹ̀ aláìsàn wà nílẹ̀. Ohun tó ṣe ló sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé tó yí Aro ká, ó bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn ará abúlé máa fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Wọ́n gbà. Wọ́n yá àwọn onílé lówó kí wọ́n fi fẹ ilé wọn sí i, ilé ìwòsàn sì bá abúlé ṣètò omi tó mọ́ àti ìmọ́tótó. Aláìsàn jàǹfààní, onílé náà jàǹfààní.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó di dandan kí ó kéré tán ẹbí rẹ̀ kan tẹ̀ lé e wá, ó lè jẹ́ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹni yẹn á máa se oúnjẹ fún un, á máa bá a fọ aṣọ, á sì máa mú un lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀. Ní ilé ìwòsàn, oògùn òyìnbó wà, abẹ́rẹ́ wà, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe náà wà. Tó bá parí, aláìsàn á padà sí abúlé. Ó lè bá wọn lọ sóko, ó lè lọ síbi ijó tàbí ibi ìjọsìn bíi ti gbogbo ayé. Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́, torí wọ́n mọ àṣà àwọn aláìsàn, wọ́n sì mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Dókítà tó kàwé ní London tó wá ń bá oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀! Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu.

Bí mo ṣe yé e nìyí. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé fún ọdún méjì, bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ yá, bó ṣe máa bá ènìyàn gbé á ti di ìṣòro fún un, ilé náà á sì ti máa sá fún un. Ẹni tó wà lábúlé Aro kò fi ìgbà kankan kúrò láàárín ènìyàn. Ẹbí rẹ̀ ń rí bó ṣe ń sàn díẹ̀díẹ̀, torí náà ẹ̀rù rẹ̀ kò ní bà wọ́n nígbà tí wọ́n bá jọ padà sílé.

Lámbò àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ibí gan-an ló ti kàn wá. Lámbò wádìí ìṣòro àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní ìlú ọba, àbọ̀ ìwádìí náà sì jáde ní 1960. Ní ọdún yẹn kan náà, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé nípa àìsàn tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Brain fag ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Orí akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbóná tàbí kó máa ta á. Ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì tàbí kó máa ṣomi tó bá ń kàwé. Ohun tó kà kò ní wọlé, èyí tó wọlé kò ní dúró. Lára ohun tí Prince tọ́ka sí ni ẹrù tó wà lórí akẹ́kọ̀ọ́, torí òun ni gbogbo ẹbí ń wò. Nígbà tó di 1980, Morakinyo, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ, kọ̀wé pé àìsùn àti oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n wà nínú ohun tó ń fà á. Ní 1994, ọ̀rọ̀ yìí wọ inú DSM, ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ń lò, lára àwọn àìsàn tó jẹ mọ́ àṣà ibì kan. Nínú èyí tó jáde ní 2013, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lé e lórí.

Èmi ò bá wọn jiyàn, torí mo ti fojú mi rí i. Nígbà tí ìdánwò ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ku bí oṣù méjì, orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kọfí ni lálẹ́, energy drink ni ní ìdájí, TDB ni lójoojúmọ́. Wọ́n á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, omi á máa jáde lójú wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga, ni ọmọ kan nínú ilé bá kígbe pé Yaba Left. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kò jáde sí fàráńdà wá kàwé mọ́. Ìyá wọn náà ń ti ilẹ̀kùn, kí ayé má baà gbọ́.

Ìyá onílé ló dá sí i. Wọ́n tẹ̀ lé ìyá ẹ̀gbọ́n mú un lọ rí dókítà. Dókítà bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn sí, ó ní kí wọ́n fi energy drink sílẹ̀, kí wọ́n máa sùn dáadáa, kí wọ́n sì padà wá kí òun tún wò wọ́n. Nígbà tí a délé, ìyá onílé pàṣẹ pé tó bá ti di agogo mẹ́wàá alẹ́, kí gbogbo ayálégbé pa jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan kùn, àmọ́ wọ́n pa á. Ìgbà yẹn ni èmi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè, kí wọ́n má baà máa dá kàwé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi padà sí fàráńdà. Wọ́n ti kọ ìdánwò náà, èsì ni à ń retí.

Ìbàdàn àti Geneva

Ní 1961, Lámbò pe àpérò ńlá jọ sí Abẹ́òkúta, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní gbogbo Áfíríkà. Òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell tún wádìí ọ̀rọ̀ ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì gbé ìwé náà jáde ní 1963. Ohun tí wọ́n rí ni pé irú àìsàn ọpọlọ tó ń ṣe òyìnbó wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Ènìyàn ni gbogbo wa.

Ọdún 1963 náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1968 ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà. Ìgbà tirẹ̀ kò rọrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ wọn. Ọlọ́pàá yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú sì kú. Ó yẹ kí ìtàn Lámbò ní èyí náà nínú, torí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni ẹni tó lọ.

Lọ́dún yẹn ni Lámbò lọ sí WHO ní Geneva, àjọ tó tẹ ìwé Carothers jáde. Láti 1973 sí 1988, òun ni igbá-kejì ọ̀gá àgbà ibẹ̀. WHO ṣe ìwádìí kan lórí àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ní ibi mẹ́sàn-án láyé, Ìbàdàn wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn ará Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà ti yá ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Wọ́n ṣì ń wá ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní ẹbí tó dúró ti aláìsàn wà lára rẹ̀.

Lámbò kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ló kù kó pé ọdún 81.

Ẹ̀kọ́ Tí A Lè Rí Kọ́

Èkíní, tó o bá máa kọ sáíkọ́lọ́jì ní A-level, wọ́n máa ń béèrè bóyá ohun tí wọ́n rí lára àwọn ènìyàn kan bá àwọn ẹlòmíràn mu. Aro àti Carothers jẹ́ àpẹẹrẹ gidi tó o lè lò.

Èkejì, má dá kàwé nígbà gbogbo. Wá ẹnì kan tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè. Ohun tó o fi ẹnu ara rẹ dáhùn máa ń pẹ́ lórí ju ohun tó o kàn kà lọ.

Ẹ̀kẹta, sùn. Ìwé tó o kà tán tí kò dúró, àṣedànù ni.

Ẹ̀kẹrin, tí orí rẹ bá ń gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, sọ fún òbí rẹ tàbí olùkọ́ tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Má bò ó. Ohun tí a bá bò máa ń rà mọ́lẹ̀ ni.

Èyí tó kẹ́yìn kan gbogbo wa, títí dé SS1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi Yaba Left sílẹ̀. Ọkọ̀ kan péré ni a máa wọ̀ láti ibí dé Yàbá, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lọ gba ìwòsàn ni. Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, ó sì lè jẹ́ ẹni tó jókòó tì ọ́ ni orí rẹ̀ máa gbóná. Tó bá ṣẹlẹ̀, bá a di ìwé rẹ̀ mú.