Arthur Ashe: ẹni tí wọ́n fà sókè, tí òun náà fa ẹlòmíràn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Yannick Noah, eléré tẹ́níìsì tó tún di olórin. Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ rí ẹ̀bùn rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé? Arthur Ashe ni, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti kú láti ọdún 1993. Ìtàn rẹ̀ la mú wá lónìí.

Ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1943 ni wọ́n bí Ashe, ní ìlú Richmond. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọgbà ìṣeré Brook Field tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀, inú ọgbà yẹn náà ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan, Ron Charity, ti rí i, tó sì ń kọ́ ọ ní tẹ́níìsì. Nígbà tó yá, ó mú un lọ bá Dókítà Robert Walter Johnson ní Lynchburg. Dókítà yìí a máa gba àwọn ọmọ adúláwọ̀ sílé nígbà ìsinmi, a kọ́ wọn ní ayò, a sì kọ́ wọn ní sùúrù. Bí bọ́ọ̀lù alátakò bá jáde díẹ̀, kí wọ́n ṣáà gbà pé ó wọlé, kí òyìnbó má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn.

Sùúrù yẹn bá a dé òkè. Ní 1968, ó na Tom Okker, ó gba US Open. Àmọ́ ọmọ ogun ni nígbà yẹn, kò tíì máa fi tẹ́níìsì jẹun, nítorí náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Okker tó na gan-an ló gba 14,000 dọ́là! Ní 1970, ó gba ife ẹ̀yẹ Ọsirélíà. Ní 1975, ó na Jimmy Connors ní Wimbledon, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Connors máa jẹ ẹ́ ní àjẹpọ́nnulá. Adúláwọ̀ ọkùnrin kankan ò tíì gba ife yẹn rí.

Ó mọ ilẹ̀ wa náà. Oṣù kejì ọdún 1976, ó ń gbá tẹ́níìsì l'Ékòó, tí kò jìnnà sí wa tí a bá ti gba Igolo kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀gágun Murtala Muhammed ni. Àfi bí àwọn sójà ṣe gbé ìbọn wọ pápá, tí wọ́n lé Ashe àti Jeff Borowiak jáde. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti parí ìdíje yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ní Yaoundé ní 1971 la fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Ó rí Noah, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ń gbá tẹ́níìsì. Kò kàn pàtẹ́wọ́ fún un kó máa lọ. Ó pe Philippe Chatrier, ọ̀gá tẹ́níìsì ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì mú ọmọ náà lọ kọ́ṣẹ́ ní Nice. Ní 1983, Noah gba Roland-Garros.

Àìsàn ọkàn ló lé Ashe kúrò lórí pápá ní 1980. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára nígbà iṣẹ́ abẹ ló kó àrùn SIDA ràn án. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan fẹ́ tú àṣírí náà ní 1992, òun fúnra rẹ̀ ló jáde sọ ọ́, ó sì dá àjọ sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn náà. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1993, lẹ́ni ọdún 49.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Charity rí Ashe, Ashe rí Noah. Àwọn ọmọ tó ń sáré lórí yanrìn n'Ífangni ńkọ́? Àwa àgbà, ta la máa bá wọn pè?